Omi Ẹ̀fọ́ Tí Ìyá Tẹniọlá Kò Jẹ́ Ká Dà Nù

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ju Ìyá Tẹniọlá lọ ní gbogbo Ọ̀wọ̀, irọ́ ló ń pa. Veronica ni orúkọ tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún un. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi bá ìjọba ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ ìlera, kò sì sí oko tí kò gun ọ̀kadà dé, láti Isuada dé Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, títí dé Imoru lọ́hùn-ún. Ohun kan ṣoṣo ló gbà á lọ́kàn jù: kí àwọn ìyá ọlọ́mọ máa fi ẹ̀fọ́ kún oúnjẹ, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Èmi Ṣẹ̀fíátù, télọ̀ ni mí, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa. Àwa méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí o. Èdè Ọ̀wọ̀ là ń sọ, ṣùgbọ́n bí mo bá kọ gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ará Ìbàdàn á sọ ìwé sílẹ̀.

Ìyá Tẹniọlá kì í ní kí ẹ lọ ra ohun tí ẹ kò rí rí. Ohun tí ẹ ń sè tẹ́lẹ̀ náà ni yóò wá ọ̀nà wọ̀. Ẹ fẹ́ din àkàrà? Ẹ rẹ́ tẹ̀tẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀wà lílọ̀ kí epo tó gbóná. Ẹ ń se mọ́ínmọ́ín? Ẹ po ugu gígé mọ́ ọn. Àsáró ti ń jinná, ẹ da gbúre sí i, ẹ dé ìkòkò, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọmọ ń sunkún bísíkíìtì? Ẹ fún un ní ìgbá kó máa jẹ. Bí ẹ bá sì fẹ́ jẹ iyán, ẹ kọ́kọ́ bu ẹ̀fọ́ sáwo kó gba ìlàjì, kí ẹ tó wá àyè fún iyán. Anwar ọmọ mi, tó máa ń fẹ́ bì tó bá ti rí ewé nínú ọbẹ̀, jẹ àkàrà ẹlẹ́fọ̀ọ́ mẹ́jọ níṣojú mi, ó ní kí n fi sí i. Ṣé ó yẹ kí n ṣiyèméjì nípa irú obìnrin bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n ohun tó máa ń torí rẹ̀ bá obìnrin jà jù ni omi ẹ̀fọ́. Ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe: wọn á bọ ẹ̀fọ́, wọn á fún un gbẹ, wọn á da omi rẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Ìyá Tẹniọlá kórìíra ìyẹn bí ẹni kórìíra olè. "Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín lẹ dà nù yẹn!" ni yóò máa pariwo ní kílíníìkì. Àwọn obìnrin á rẹ́rìn-ín, wọn á pè é ní Ìyá Olómi-ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá délé, wọn kì í da omi náà nù mọ́.

Ọkọ rẹ̀, Olúgbádé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, nìkan ni kò rí yí lọ́kàn padà bọ̀rọ̀. Tí ẹ̀fọ́ bá ti pọ̀ ju iyán lọ nínú àwo, n óò gbọ́ ohùn rẹ̀ láti pálọ̀ wọn: "Uyán mi dà? Veronica, ṣé ewúrẹ́ lo lọ fẹ́ ni?" Ìyàwó rẹ̀ á ní ewúrẹ́ gbọ́n jù ú lọ. Tíṣà yóò sì jẹ ẹ́ tán. Mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹsẹ̀ Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti ń bá a fínra látìgbà tó ṣì ń kọ́ni ti ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ní ilé ìwòsàn, ọmọbìnrin kan tó ń mójú tó oúnjẹ àwọn aláìsàn fún wọn ní ìwé kan. Ìyá Tẹniọlá gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó kà á fún mi tìbínú-tìbínú. Ugu, Tíṣà kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Tòmátì, kó dín in kù. Ẹ̀fọ́ yòówù kó fẹ́ jẹ, díẹ̀ ni, kí wọ́n bọ̀ ọ́, kí wọ́n fún un, kí wọ́n da omi rẹ̀ nù.

"Kí n da omi rẹ̀ nù!" ó ní. "Ìyá Anwar, èmi ni mo kọ́ ìyá ọmọ yìí ní Isuada. Ẹnu mi ló ti gbọ́ pé kó má da omi ẹ̀fọ́ nù. Ọmọ tó fi omi ẹ̀fọ́ mi dàgbà ló wá ń kọ́ mi?"

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Lójú èmi náà, ọmọdé yẹn ni kò gbọ́n. Síbẹ̀, ó tẹ̀ lé ìwé náà fún bí oṣù méjì, ó ń ráhùn, ó ń da omi nù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń dín kù lára Tíṣà. Wọ́n ní àìsàn kíndìnrín máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé abẹ́rẹ́ kan wà fún un. Ìgbà tí wọ́n lọ gbà á, ó ti tán nílé ìwòsàn, wọ́n ní kí tọkọtaya náà padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Àtẹ́lẹwọ́ Tíṣà funfun bí ẹfun. Kò lè rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ṣọ́ọ̀ṣì tí a ń gbọ́ agogo rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Ìyá Tẹniọlá yọjú sí mi lórí ògiri. Ìdí ògiri yẹn ni mo gbin ugu sí, ó sì ti fà bò ó.

"Ìyá Anwar, bá mi gé nínú ugu rẹ."

Mo ní, "Ìwé tí wọ́n fún yín ńkọ́, mà?"

"Ta ni kò mọ̀ l'Ọ́wọ̀ yìí pé ugu ló ń dá ẹ̀jẹ̀ padà? Aláboyún mélòó ni mo ti fún ní omi ugu tí wọ́n dìde? Ṣé kí n jókòó máa wo ọkọ mi kó máa funfun lójú mi ni?"

Mo gé e. Èyí tó tutù jù ni mo tilẹ̀ ṣà fún un. N kò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn pé ọgbà mi wúlò fún Tíṣà.

Ó fọ ewé náà, ó gún un nínú odó kékeré, ó fún un, ó sẹ́ ẹ, ó da mílíìkì agolo sí i. Kọ́ọ̀pù kan láàárọ̀, kọ́ọ̀pù kan lálẹ́. Lọ́sàn-án, ugu nínú ẹ̀wà, ugu nínú ẹyin díndín, ugu nínú àsáró. Gbogbo ọgbọ́n ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló kó lé ọkọ rẹ̀ lórí, omi kankan kò sì dà nù. Ní ọjọ́ kẹrin, Tíṣà ní ara òun ti ń yá. Ní ọjọ́ keje, ó jókòó síta, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé télọ̀ ti di dókítà. Inú ìyàwó rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin nídìí ààrò. N kò tíì gbàgbé orin náà, n kò sì ní kọ ọ́ síbí.

Ní ọjọ́ kọkànlá, ó jí, ó ní ẹsẹ̀ òun wúwo, apá òun kò ṣe é gbé. Àyà rẹ̀ á lù, á dáwọ́ dúró, á tún lù. A gbé e sínú takisí, èmi ni mo jókòó síwájú, mo ń bẹ dẹ́rẹ́bà pé kó sáré.

Dókítà tó pàdé wa bèèrè pé, "Kí ni bàbá ti ń jẹ láti ọjọ́ mélòó kan?"

Ìyá Tẹniọlá fi ìyangàn dá a lóhùn. "Ugu, dókítà. Omi rẹ̀ gan-an, láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èèyàn."

Mo rí ojú dókítà náà. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó sáré pe àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n fún Tíṣà lábẹ́rẹ́, wọ́n so wáyà mọ́ ọn láyà. Kí aago méjì ọ̀sán tó lù, Tíṣà ti kú.

Lẹ́yìn náà ni dókítà pe àwa méjèèjì sí yàrá kékeré kan, ó sì fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní oríṣi iyọ̀ kan wà nínú ewé, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dá pé á tọ̀ ọ́ jáde, ewé náà á sì ṣe é lóore, nítorí náà ohun tí màmá ń kọ́ àwọn èèyàn kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, inú ẹ̀jẹ̀ ni iyọ̀ náà á ti kóra jọ, á sì dá ọkàn dúró. Ó ní torí ẹ̀ ni wọ́n fi ní kí wọ́n máa da omi ẹ̀fọ́ nù, omi yẹn ló ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ìyá Tẹniọlá kò sunkún. Ó ní, "Ẹ ṣeun, dókítà." Ó dìde, ó sì gbàgbé báàgì rẹ̀ sórí àga.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Tíṣà, pálọ̀ wọn kún fọ́fọ́. Akínjídé, ẹ̀gbọ́n Tíṣà, tó ti Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ wá, dìde níwájú ẹbí àti ìjọ. "Ìyàwó wa," ó ní, "a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Wọ́n sọ fún wa bí o ṣe ń fún àbúrò mi ní ugu láàárọ̀, lálẹ́, tí ọwọ́ rẹ kò sinmi. Obìnrin bí ìwọ ṣọ̀wọ́n."

Gbogbo èèyàn ní òótọ́ ni.

Ìyá Tẹniọlá dìde. "Èmi ni mo pa á," ó ní. "Ugu yẹn ni mo fi pa á."

Àwọn obìnrin ìjọ rọ́ bò ó. Wọ́n ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ní, "Ta ló fi ẹ̀fọ́ pa èèyàn rí?" Ó já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn, ó nàka sí mi. "Ìyá Anwar wà níbẹ̀. Ẹ bi í."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo rí Tẹniọlá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ti Àkúrẹ́ dé, tí ẹkún ti mú ojú rẹ̀ wú. Mo rí ẹbí Tíṣà. Mo bi ara mi pé, ọgbà ta ni ugu náà ti wá? Lọ́la wọn á ní télọ̀ inú ilé kejì ló fún Tíṣà ní ewé ikú, ta ni yóò sì tún gbé aṣọ wá fún mi rán?

Mo ní, "Ọlọ́run ló mú un. Àkókò rẹ̀ ló tó."

Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀. Wọ́n fa Ìyá Tẹniọlá jókòó, wọ́n ń nu ojú rẹ̀, wọ́n ń fi í lọ́kàn balẹ̀ pé aya rere ni.

Láti ìgbà náà ni kò ti se ọbẹ̀ mọ́. Gàrí ló ń mu, tàbí búrẹ́dì gbígbẹ. Èmi náà hú ugu mi tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, mo ní kòkòrò ló ń jẹ ẹ́. Ó ṣì máa ń wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi, kò sì bá mi jà. Ojú ń tì mí débi pé mo máa ń wa ẹ̀rọ lórí aṣọ tí mo ti rán tán. Lọ́jọ́ kan, ó kàn ní, "Mélòó ni wọ́n, Ìyá Anwar?"

"Àwọn wo, mà?"

"Àwọn obìnrin tí mo kọ́. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ilé mélòó nínú ilé wọn ni ẹni tó ní àìsàn Tíṣà wà báyìí?"

Mo ní kó jẹ́ ká máa gbàdúrà.

Oṣù tó kọjá, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Tẹniọlá. "Ẹ lè má dá mi mọ̀, mà. Ẹ kọ́ wa ní Imoru nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi. Gbogbo ohun tí ẹ sọ ni mo ń ṣe títí dòní." Ó ní ẹsẹ̀ bàbá òun ń wú, pé kíndìnrín ni wọ́n pè é, pé ẹ̀jẹ̀ ti dín kù lára bàbá gan-an. Dókítà sì ní àwọn kò gbọdọ̀ fún un ní ugu. "Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀, mà! Mo ní kí n wá bi olùkọ́ mi fúnra rẹ̀."

Ìyá Tẹniọlá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Má fún un. Ohun tí dókítà sọ ni kí o ṣe. Gbọ́ mi o, ugu ni mo fi pa ọkọ mi."

Obìnrin náà wò ó. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí mi, bí èèyàn ṣe máa ń wo ará ilé láti bèèrè bóyá orí ẹni yìí pé. Ìyá Tẹniọlá náà ń wò mí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo rántí pálọ̀ yẹn, mo rántí ohun tí mo ti sọ níbẹ̀, mo sì tẹjú mọ́ ẹ̀rọ mi.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà," obìnrin náà rọra sọ. "Ọlọ́run á tù yín nínú." Ó gun ọ̀kadà rẹ̀. Mo gbọ́ ohun tó sọ fún ọlọ́kadà: "Jẹ́ ká kọ́kọ́ yà lọ́jà. Mo fẹ́ ra ugu."

Ìgbà yẹn ni ohùn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jáde. Mo sáré wọ títì, mo ń kígbe pé, "Òótọ́ ni! Òótọ́ ló sọ fún ẹ!" Wọ́n ti lọ jìnnà. Mo sáré dé ọjà pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, mo wo gbogbo ìsọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò rí i. N kò bèèrè orúkọ rẹ̀. Imoru kì í ṣe ilé kan.

Nígbà tí mo padà dé, Ìyá Tẹniọlá ṣì wà lórí àga níbi tí mo fi í sí.

"Ṣé o bá a?" ó bi mí.

Mo ní rárá.

"Tíṣà àti bàbá obìnrin yẹn. Ó di méjì nìyẹn," ó ní.