Ariwo Ẹ̀rọ ní Ìjọra

Iṣẹ́ Jọmílójú ni kó máa pe àwọn iléeṣẹ́ lórí fóònù lóṣooṣù láti ọ́fíìsì kékeré kan ní Yábà. Ìbéèrè rẹ̀ kì í yí padà: "Ṣé iṣẹ́ táwọn oníbàárà gbé wá fún yín lóṣù yìí ju ti oṣù tó kọjá lọ, àbí ó dínkù?" Ìdáhùn wọn ni ọ́fíìsì náà fi ń sọ ibi tí ọrọ̀ ajé Nàìjíríà dorí kọ, kí ìjọba tó gbé ìṣirò tirẹ̀ jáde.

Ẹ̀gbọ́n Yẹ̀kínnì ló fẹ́ràn láti máa pè jù. Àwọn ló ń bójú tó ọjà níléeṣẹ́ tó ń ṣe páálí ní Ìjọra. Ẹni tó bá fẹ́ ta ọṣẹ tàbí bisikíìtì á kọ́kọ́ wá páálí tó máa kó o sí, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ṣe pàtàkì. Ẹ̀rọ máa ń pariwo lẹ́yìn wọn, wọ́n á sì kígbe pé, "Ó ń pọ̀ sí i, àǹtí mi!"

Nígbà tí nǹkan le koko, tí gbogbo iléeṣẹ́ yòókù ń sọ pé ó dínkù, ohun tí Ẹ̀gbọ́n Yẹ̀kínnì ṣì ń sọ nìyẹn. Christabel, ọ̀gá Jọmílójú, ní kó lọ fojú ara rẹ̀ rí i.

Ọ̀sán gangan ló dé Ìjọra. Géètì ò tì. Koríko ti hù dé ẹnu ọ̀nà. Inú gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ yẹ kó wà ṣófo; ojú ihò tí wọ́n ti tú wọn kúrò nílẹ̀ nìkan ló kù. Síbẹ̀, ó ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ.

Ó fẹ́ sá, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn lọ síbi tí ariwo náà ti ń wá. Ọkùnrin kan jókòó sínú yàrá kan, ó kọ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa ló wọ̀. Fóònù kan wà lórí tábìlì, ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n gbà sílẹ̀ ló ń jáde nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó pè é, àmọ́ ọkùnrin náà ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ó ń pọ̀ sí i. Ó ń pọ̀ sí i."

"Ẹ̀gbọ́n Yẹ̀kínnì?"

Wọ́n yíjú padà. Kò yà wọ́n lẹ́nu. "Mo mọ ohùn yẹn."

"Ìgbà wo ni wọ́n ti kógbá wọlé níbí?"

"Kí òjò èṣí tó bẹ̀rẹ̀ ni. Ìyàwó mi rò pé mo ṣì ń lọ síbi iṣẹ́. Ìwọ nìkan ló ń béèrè bó ṣe ń lọ. Tí mo bá ti sọ òótọ́ fún ẹ, ta ló tún máa pè mí?"

Jọmílójú na ọwọ́, ó pa fóònù náà. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e bà á lẹ́rù ju ariwo lọ.

"Ẹ jẹ́ ká lọ, sà. Ẹ lọ sọ fún wọn nílé."

Ẹ̀gbọ́n Yẹ̀kínnì ti ilẹ̀kùn yàrá tó ṣófo náà, wọ́n tún fà á wò bóyá ó tì. Jọmílójú sìn wọ́n dé ibùdókọ̀ Costain. Wọ́n sọ fún ìyàwó wọn, Sìmíátù, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi kó lọ sí Ìjẹ̀bú.

Láti ìgbà yẹn, tí Jọmílójú bá ti béèrè tán, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ẹlòmíì ní fóònù kó kí mi." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń ṣe géètì ní Mùṣín ò rẹ́rìn-ín. Ìró irin tí wọ́n ń lù ń dún lẹ́yìn rẹ̀, kò dáwọ́ dúró.

"Àǹtí," ó ní, "kò sẹ́nì kankan níbí."

Jọmílójú gbé báàgì rẹ̀, ó jáde lọ wá kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Mùṣín.