Ta Ni Ẹ̀gbọ́n Nínú Àwọn Oníṣu Méjì

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe láyé mi ni pé kí n máa ta ọ̀rọ̀ ikú fún àwọn tó wà láàyè. Inṣọ́ránsì ni wọ́n ń pè é. Ogun abẹ́lé ti parí bí ọdún méjì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ọ̀mù-Àrán, mo sì wọ Ìlọrin pẹ̀lú àpótí páànù kan, táì kan, àti ìgbéraga tó tó ti èèyàn mẹ́ta.

Ọ́fíìsì wa wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí kò jìnnà sí ọjà. Ọ̀gá wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í bọ́ kóòtù nínú ooru Ìlọrin, sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé oṣù mẹ́ta ni òun máa fi dán mi wò. Èèyàn mẹ́wàá ni mo gbọ́dọ̀ mú wọlé láàárín oṣù mẹ́ta yẹn. Bí wọ́n bá pé mẹ́wàá, mo di òṣìṣẹ́. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́sàn-án, kí n gba ilé lọ. Ìyá mi kò tilẹ̀ dúró de oṣù mẹ́ta kankan. Ó ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ti di ọ̀gá ní Ìlọrin. Ẹ wo wàhálà. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ojú wo ni mo fẹ́ fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn?

Ọ̀rọ̀ tí a ó máa kọ́kọ́ sọ fún oníbàárà ti Èkó wá, lédè òyìnbó. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi yí i sí Yorùbá. Mo lọ sí ọjà Ìpàta, mo dúró níwájú ìyá onígàrí kan, mo tún táì mi ṣe, mo ní, "Ẹ kú ọjà o, mà. Bí ẹ bá kú lọ́la, ta ni yóò tọ́jú àwọn ọmọ yín?" Obìnrin náà rọra gbé igbá gàrí sílẹ̀, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wá bi mí pé ta ló rán mi sí òun. Kí n tó ronú èsì, mo ti wà lẹ́yìn lọ́rì kan lọ́nà jíjìn. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ pé àgbà kì í kú lẹ́nu ọmọdé. Láti ìgbà náà, "Lẹ́yìn ọgọ́fà ọdún, bí ọlọ́jọ́ bá dé" ni mo ń sọ. Wọ́n á ṣe àmín, wọ́n á sì ní kí n jókòó.

Wàhálà kejì ni ọjọ́ orí. Fọ́ọ̀mù ń bèèrè ọdún tí wọ́n bí èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Mo bá dá ọgbọ́n. Mo fa ilà sára páálí kan, mo kọ gbogbo ohun tí àwọn àgbà máa ń rántí sí i: ọdún tí eṣú dé, ọdún tí eṣú lọ, ọdún tí odò kún wọ ilé, ọdún tí wọ́n la títì. Bí ẹnìkan bá ti ní òun ti lè pọn omi lọ́dún tí odò kún, màá ṣírò, màá kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá mi pàápàá yìn mí. Mo wá ń rìn nígboro bí ẹni tó ń bá Ọlọ́run tọ́jú ọjọ́ orí àwọn èèyàn.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, mo ti ní èèyàn mẹ́jọ. Méjì ló kù, Ọlọ́run sì kó méjèèjì sí ìsọ̀ kan náà fún mi: ọkùnrin méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé, bàbá kan náà, ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n jọ ń ta iṣu ní Ìpàta. Ẹ̀gbọ́n sanra, kò lọ́rọ̀ lẹ́nu. Àbúrò gbẹ, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnu rẹ̀ ṣe mú tó, "ẹ̀yin" ló ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí Ẹ̀gbọ́n bá sì dìde, òun á yára bá a ká ẹní. Àwọn méjèèjì ní àwọn á ṣe inṣọ́ránsì náà, pé àlùbáríkà ló máa jẹ́ fún àwọn ọmọ.

Ọjọ́ tí mo lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Àbúrò, Ẹ̀gbọ́n ti lọ kó iṣu ní Òkè-Oyì. Àbúrò ní ìyá tó bí ìyá òun ló sọ fún òun pé ọjọ́ tí wọ́n ń sọ òun lórúkọ gan-an ni eṣú dé. Mo wo páálí mi, mo kọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo bá Ẹ̀gbọ́n nìkan, àbúrò rẹ̀ wà nídìí lọ́rì. Òun ní wọ́n máa ń sọ pé eṣú ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tán ni wọ́n bí òun. Mo wo páálí, mo kọ ìyẹn náà. Kò sí ohun kankan tó ta mí lólobó. Orí mi ti kún fún ìwé tí wọn yóò fi gbà mí síṣẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, mo kó fọ́ọ̀mù méjèèjì dé kí wọ́n wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí n rọra kà á sí wọn létí. Àmọ́ èmi nìyí, mo dúró láàárín àwọn oníṣu, mo gbé ohùn sókè kí gbogbo ọjà lè mọ̀ pé akọ̀wé dé. Mo kà á pé Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ẹni ọdún méjìlélógójì. Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo kà á pé Àbúrò jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì.

Ìyá onígàrí tó bọ́ bàtà sí mi níjọ́sí wà nítòsí. Ó ní, "Akọ̀wé, tún un kà."

Mo tún un kà. Mo tilẹ̀ pariwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, òmùgọ̀ tí mo jẹ́.

Ẹ̀rín bú jáde. Wọ́n bi Àbúrò léèrè, ó sọ ti eṣú tó dé. Wọ́n bi Ẹ̀gbọ́n, ó sọ ti eṣú tó lọ. Ìyá onígàrí dá ẹjọ́ náà lójú ẹsẹ̀, ó ní eṣú kì í lọ kó tó dé. Láti bí ogójì ọdún, kò tíì sí ẹni tó bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè kan náà, àfi èmi àti páálí mi. Àbúrò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá ní, "Ìwọ, o ò gbọ́? Bá mi gbé iṣu yẹn wá."

Ìwọ! Ẹni tó mọ Ìlọrin á mọ̀ pé ó sàn kó gbá a létí. Ẹ̀gbọ́n ká ẹní rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, àfi bí o bá tún ìwé yẹn kọ, ìka mi kò ní kan íńkì rẹ." Àbúrò ní bí mo bá fi lè yí i padà, òun náà kò tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Mo sáré padà sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá mi tẹ́tí gbọ́ gbogbo rẹ̀, kóòtù lọ́rùn, ó ní, "Òótọ́ ló gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé. Lọ wádìí rẹ̀. Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń retí ẹ." Inú bí mi. Kí ló kàn mí nínú ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹnìkan? Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bá jà? Ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á.

Ìyá tó bí Ẹ̀gbọ́n ṣì wà láàyè, ní agbolé wọn nínú Ìlọrin àtijọ́. Ìyá Àbúrò ti kú tipẹ́. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Jímọ̀ ku ọ̀la, mo mú ọ̀nà ibẹ̀ pọ̀n. Mo bá àwọn ọmọ méjèèjì níbẹ̀, ìyá ti ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn lórí ẹní kan náà. Ìyá ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ṣé ìwọ ni ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó wá tú ilé mi ká?" ó bi mí. Mo ní èmi ni, kí wọ́n jọ̀wọ́ dárí jì mí. Ó ní kí n jókòó kí n gbọ́ òótọ́ tí mo ń wá kiri.

Ó kọjú sí Àbúrò. "Ìwọ ni a kọ́kọ́ bí. Lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, eṣú bo òrùlé ilé yìí, a ò rí koríko tó wà lórí rẹ̀ mọ́. Eṣú ti lọ kí n tó bí èyí."

Àbúrò na ọrùn, ojú rẹ̀ ń tàn. Mo rò ó pé orí ti yọ mí.

"Má tíì yọ̀," ìyá ní. "Ìyá rẹ kú kí o tó mọ̀ ọ́n rá. Èmi nìkan ni mo kù pẹ̀lú ọmọ méjì, eṣú ti jẹ oko, n kò rí jẹ, ọmú mi kò tó ọmọ kan. Bí ẹ bá dàgbà, ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú nínú ẹran. Ṣùgbọ́n nígbà ọmú, àbúrò ló ni ìyá. Ẹ̀gbọ́n ni à ń sọ fún pé kó fi sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Èyí tí mo bí ń ké lápá kan, ìwọ ń ké lápá kejì, mo sì mọ ibi tí ọwọ́ mi fẹ́ lọ. Bí mo bá fi ọ́ sípò ẹ̀gbọ́n, màá rí ẹnu sọ fún ọ lójoojúmọ́ pé kí o fi sílẹ̀. Ẹ̀rù ara mi bà mí. Mo bá sọ ọ́ di àbúrò, kí ọwọ́ mi lè kọ́kọ́ kàn ọ́. Nígbà tí bàbá yín, tó ti lọ kí a tó bí yín, fi ti òwò òkè Ọya dé, ẹ ti ń rìn. Ohun tí mo pè yín ni òun náà pè yín."

Èmi kò mọ ibi tí mo lè kọjú sí, mo bá ń wo ẹ̀wà.

Àbúrò ló kọ́kọ́ mira. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá, ó yí padà, ó tún dọ̀bálẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n. Ó ní kí n jẹ́ kí ìwé wà bó ṣe wà, pé òótọ́ ni, àmọ́ àbúrò ni òun. Mo yára ṣí íńkì kí ẹnikẹ́ni má tún yí ọkàn padà. Ẹ̀gbọ́n ti íńkì náà sí iwájú Àbúrò, ó ní, "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́." Àbúrò tì í padà, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, níbo ni àbúrò ti ń ṣáájú? Ẹ̀gbọ́n tún tì í. Lánàá, ìjà ta ni àgbà ni wọ́n ń jà; lónìí, wọ́n ń bára wọn jà nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe àgbà. Íńkì ń lọ, íńkì ń bọ̀, iṣẹ́ mi wà láàárín rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ọ̀rọ̀ náà sú ìyá. Ó gbé àtẹ sílẹ̀, ó gbá àtàǹpàkò àwọn bàbá ọlọ́mọ méjì mú, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ó rì wọ́n bọ íńkì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì tẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo ṣe di òṣìṣẹ́ nìyẹn. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé inú ilé onílé ni mo wà. Mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí íńkì náà kó lè gbẹ, mo ń rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni Ẹ̀gbọ́n, tí kò lọ́rọ̀ lẹ́nu, sọ̀rọ̀. Ó ń wo íńkì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, títí mo fi ń lọ sílé kéú ni ebi máa ń pa mí."

Ìyá ti padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. "Mo mọ̀," ó ní. "Ìwọ ni mo bí. Ìwọ nìkan ni mo lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ebi pa."