Lẹ́tà Tẹ́ẹ́rẹ́ Orí Pátákó Ìyàwó Mi

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, èmi àti bàbá tó ń kọ pátákó ní àdúgbò Mgbuoba dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù olóògbé ìyàwó mi. Lẹ́tà gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ ṣóńṣó bíi ti ìwé àtijọ́, ni bàbá náà máa ń kọ. "Lẹ́tà tó sanra ń jẹ àyè ẹnìkejì rẹ̀," ló máa ń wí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo orúkọ ìyàwó mi ṣe rí àyè lórí pátákó tóóró tí bàbá kọ fún un nígbà ayé rẹ̀.

Ayálégbé tuntun tó gba ṣọ́ọ̀bù náà fẹ́ lo pátákó ọ̀hún, ni mo bá ní kí bàbá fi ọ̀dà pa orúkọ náà rẹ́. Ó di ojú kan, ó wò ó.

"Abeg, àbúrò, máa lọ sílé. Orúkọ yìí gùn ju ọ̀dà tí mo gbé wá lọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé pátákó tuntun kọ́ síbẹ̀, ó gbé ti ìyàwó mi wá fún mi nílé.