Oríkì Mi àti Èémí Màmá

Nígbà tí wọ́n gbé sìlíńdà ọ́síjìn dé yàrá ìyá mi ní àdúgbò Hayin Banki nílẹ̀ Hausa, ní àárín àwọn ọdún 1990, èmi ni mo fi ara mi jẹ ọ̀gá rẹ̀. Mo ṣáà ti ka ìwé dé yunifásítì. Lóòótọ́, lítíréṣọ̀ ni mo kà, ṣùgbọ́n ta ló máa bi mí? Èéfín igi tí Màmá fi dín àkàrà tà fún ọ̀pọ̀ ọdún ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Dókítà ní kó máa fa afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà náà tọ̀sán-tòru, kó má ṣí ike tó bo imú àti ẹnu rẹ̀ àfi tó bá fẹ́ jẹun. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún un títí ó fi sùn lọ.

Ìkíni àárọ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Bí mo bá ti dọ̀bálẹ̀, Màmá á fa ike náà wálẹ̀ sí àgbọ̀n, á bẹ̀rẹ̀ sí í ki mí, láti orí àwọn baba ńlá mi títí dé imú mi, tó ní ó jọ ti ìjòyè. Kò ní tíì kúrò lórí baba àgbà tí ètè rẹ̀ á ti ṣú, tí á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Kò sì ní dúró. Ó ní bí èèyàn bá gé oríkì kúrú, ìdajì ọmọ ló kì.

Mo wá lo ọgbọ́n ìwé: mo pa ìdọ̀bálẹ̀ tì. Mo ń yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé jáde láàárọ̀ bí olè adìyẹ. Kò pẹ́ tí Màmá fi kọ oúnjẹ. Ó sọ fún obìnrin Hausa tí a jọ ń gbé pé ọmọ òun ti kàwé débi tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò tẹ̀ mọ́. Obìnrin náà wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

"Haba, Malam," ó ní, bí ẹni ń sọ pé: kí ló dé, ọ̀gbẹ́ni?

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ Màmá ti ń lọ síbi ike.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ fi í sílẹ̀. Èmi fúnra mi ni màá ki ara mi."

"Ó yá," ó dáhùn lábẹ́ ike. "Jẹ́ ká gbọ́."

Èmi tí mò ń fi àwọn olóyè tó ń wá ẹni tí yóò yìn wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ohun tí mò ń kọ sí ìwé ìròyìn, èmi náà ni mo nà gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, tí mò ń pe ara mi ní ọmọ erin, arẹwà tí ń rìn bí ọba. Ibi tí n kò mọ̀, mo fi Hausa dí i. Màmá gbé ìka sókè: kí n padà sẹ́yìn, kí n tún ibẹ̀ kì. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò wọ́ọ́rọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é láràárọ̀. Àwọn aládùúgbò ń gbọ́ mi lójú fèrèsé, wọ́n ní ìwé ti ń da akọ̀wé lórí rú. Màmá kò bá wọn jiyàn. Ó ń mí.