Ìrun Màgàríbì àti Abẹ́rẹ́ Ẹ̀rọ

Ọ̀gá wa nígbà náà, tí owó epo ti mú orí rẹ̀ wú, kì í bọ́ kóòtù. Bí oòrùn ń jó gbogbo ìlú Ọ̀jọ́ gbẹ, tí àwa ń làágùn, kóòtù náà wà lọ́rùn rẹ̀. Ìlú òyìnbó ló ti gba ìwé ẹ̀rí, ó sì ń sọ ọ́ fún ẹni tó bèèrè àti ẹni tí kò bèèrè. Mi ò rí i rí kó ṣí ìwé kankan.

Iṣẹ́ wa, nínú ilé kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà Àgbádárìgì, ni láti máa ṣọ́ ìró tẹlifóònù tó ń ti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì bọ̀. Abẹ́rẹ́ kan wà lójú ẹ̀rọ: bí ìró bá dára, á dúró gbọn-in. Èmi ń ṣe ti ọ̀sán, bàbá àgbàlagbà kan láti Ìbà ń ṣe ti ìrọ̀lẹ́. Kété tí oòrùn bá wọ̀, abẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ohùn á rì, á tún là, àwọn tó ń bá ará òkè òkun sọ̀rọ̀ á máa pariwo "Halóò! Halóò!"

Àsìkò yẹn gan-an ni bàbá máa ń tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ láti kí ìrun Màgàríbì. Ọ̀gá bá so méjèèjì pọ̀. Ó ní ìrun ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Òun náà mà ń pe ara rẹ̀ ní Mùsùlùmí o, lọ́jọ́ Iléyá.

"Yan ọ̀kan," ó sọ fún ẹni tó tó bí i lọ́mọ. "Iṣẹ́ àbí ìrun?"

Mo dá sí i. "Ọ̀gá, afẹ́fẹ́ òkè ni. Bí oòrùn bá ti wọ̀, afẹ́fẹ́ tó wà lókè réré yẹn máa ń dàrú, ibì kan á ki, ibì kan á fúyẹ́. Ìró tó bá gba ibẹ̀ kọjá á fọ́n ká. Ṣé ẹ ti wo òkúta nísàlẹ̀ omi tó ń ṣàn? Ṣebí ńṣe ló máa ń dà bíi pé ó ń mì."

"Ta ló fi ẹ́ ṣe tíṣà?"

Lọ́jọ́ kejì, ó lé bàbá síta, ó jókòó ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Oòrùn wọ̀. Abẹ́rẹ́ jó. Ọ̀gá yí bọ́tìnnì yìí, ó yí tọ̀hún, ó gbá ẹ̀rọ létí. Ó bọ́ kóòtù! Inú mi dùn débi pé mo ní láti kọjú sí ògiri. Mo rò pé bàbá ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn nìyẹn.

Ìwé ìdádúró bàbá lẹ́nu iṣẹ́ dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n ní ó ti ba ẹ̀rọ jẹ́. Bàbá ká ẹní rẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "O gbìyànjú, ọmọ mi." Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi fún ọ̀gá, ṣùgbọ́n ìyàwó mi wà nínú oyún nílé wa l'Ókokomáíkò, mo sì dákẹ́.

Èmi ni wọ́n gbé sí iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, oòrùn wọ̀, abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ọ̀gá ń kọjá lọ, ó wò ó, ó fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Má da ara ẹ láàmú," ó ní. "Afẹ́fẹ́ òkè ni."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Títí dòní, ọpẹ́ yẹn ń rí mi lára ju gbogbo ìwà ọ̀gá lọ.