Bàbá Eléèédú Lọ, Òkúta Àwọn Òkú Inú Òkun Kò Dé

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Bàbá Eléèédú kú, lórí àga tí wọ́n máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ife tíì wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọbìnrin wọn, tó jẹ́ aránṣọ, wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ nínú yàrá kan náà, ó ń bá wọn tàkúrọ̀sọ lọ, kó tó yé e pé òun nìkan ló ń dá ọ̀rọ̀ náà sọ. Rédíò kò kéde ikú wọn. Ìjọba kò mọ̀ pé wọ́n kú, ìyẹn kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí ìjọba kò mọ̀ pé wọ́n wà láyé rí.

Èmi mọ̀ wọ́n. Ilé tiwa àti tiwọn kọjú síra. Arúgbó tó máa ń kí èèyàn kí èèyàn tó kí wọn ni, tí ikọ́ kì í jẹ́ kí ẹ̀rín wọn parí. Èédú ló fún wọn ní ikọ́ náà. Nígbà ogun ńlá, nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, inú ikùn ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ṣọ́bìrì ni ohun ìjà wọn. Àwọn ni wọ́n ń kó èédú sínú iná tó ń mú ọkọ̀ rìn.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ọmọ ogun tí kò jẹun, igi lásán ni ìbọn ọwọ́ rẹ̀. Ta ló ń gbé ìyẹ̀fun lọ bá wọn? Ta ló ń gbé oògùn, bàtà, ọta ìbọn gba orí òkun kọjá? Ṣé ẹyẹ ni? Àwọn atukọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ni. Wọn kò wọ aṣọ ológun, wọn kò ní ìbọn, ṣùgbọ́n àwọn ni ọ̀tá ń dọdẹ káàkiri orí omi, nítorí ọ̀tá mọ̀ pé bí ọkọ̀ oúnjẹ bá rì, ogun ti parí. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Ọ̀tá mọ iyì wọn jù wá lọ.

Bàbá ní ọ̀rẹ́ kan nínú ọkọ̀ náà, alásè wọn. Aláwàdà pọ́ńbélé ni. Bí àwọn atukọ̀ bá ráhùn pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀, á ní, “Ẹ má bá mi wí o, òkun ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.” Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ooru mú jù nídìí iná, alásè bá yọjú wo ìsàlẹ̀, ó ké pe ọ̀rẹ́ rẹ̀: “Eléèédú! Gòkè wá mumi, kí o má baà di ẹran sísun mọ́ mi lọ́wọ́!”

Bàbá gòkè. Omi náà ni wọ́n ń mu lọ́wọ́ tí àdó olóró gba abẹ́ omi wá, tó sì ya ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wọlé. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń kó èédú ní ìsàlẹ̀, kò sí ẹni tó tún rí ojú ọ̀run. Alásè ti Bàbá sínú ọkọ̀ ìgbàlà, ó ní òun ń bọ̀, ó sì padà lọ fa ẹnì kan tí irin tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ ńlá náà dojú dé kó tó jáde.

Bàbá kì í sọ ìtàn yìí lọ títí. Ibì kan náà ni wọ́n máa ń dúró sí. “Òun ló pè mí gòkè,” wọ́n á ní. “Mo pè é, pè é. Kò dá mi lóhùn.”

Nígbà tí ogun parí, ìlú fi ìlù àti fèrè pàdé àwọn ọmọ ogun, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Bàbá wọlé wẹ́rẹ́ nínú ṣòkòtò tí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí ta wọ́n lọ́rẹ. Ilé ìyàwó alásè ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Obìnrin náà kò tíì pẹ́ nílé ọkọ, àkọ́bí rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó béèrè pé, “Níbo lẹ sin ín sí?”

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Wọn kò bẹ̀bẹ̀ fún ilé, wọn kò bẹ̀bẹ̀ fún oyè. Òkúta kan ni, ní etí èbúté, tí wọ́n á kọ orúkọ àwọn tó bá ọkọ̀ náà lọ sí lára. “Kí ìyàwó rẹ̀ ṣáà ríbi kúnlẹ̀ sí.”

Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ń ṣe ìrántí àwọn tó kú sógun, Bàbá á wọ kóòtù, wọ́n á lọ dúró lẹ́yìn okùn, wọ́n á máa wo ère ọmọ ogun tó wà láàárín ìlú. Lọ́dún kan, ọlọ́pàá kan ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn. Àwọn tó jagun nìkan ni àyè wà fún.”

Bàbá ní, “Ọmọ mi, bàtà tí ère yẹn wọ̀, ta ló gbé e dé ojú ogun?”

Ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín. Bàbá sún sẹ́yìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn, ẹ ò gbọ́ ibi tó dùn jù. Wọ́n gbọ́! Ọ̀gá èbúté kan fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ó gbé ọwọ́ Bàbá sókè kí àwọn ayàwòrán lè rí i yà. Bàbá sunkún ayọ̀. Ọ̀gá náà lọ, òmíràn dé. Òmíràn yìí ń wá ibi tí yóò máa gbé mọ́tò sí. Wọ́n hú òkúta, wọ́n da ọ̀dà sílẹ̀, wọ́n fa ìlà funfun. Ibi tí opó ìbá kúnlẹ̀ sí, táyà ló wà níbẹ̀.

Èmi ni mo mú Bàbá lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá tuntun náà. Yàrá náà tutù débi pé Bàbá ń gbọ̀n. Ọ̀gá kò ní ká jókòó.

“Bàbá, àwọn tí ẹ ń wí yìí kì í ṣe ológun,” ó ní. “Wọn kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọn ò sí lábẹ́ wa.”

“Òótọ́ ni, sà,” ni Bàbá wí. “Abẹ́ òkun ni wọ́n wà.”

Ọ̀gá wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ká lọ mú ẹ̀rí wá pé wọ́n kú lóòótọ́. Ẹ̀rí wo? Ṣé ká lọ pe ẹja wá jẹ́rìí ni? Mo ní kí n fèsì, Bàbá fà mí láṣọ. “Jẹ́ ká máa lọ,” wọ́n ní. “Ó ti rẹ̀ mí.” Wọn kò padà síbẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú.

Ọjọ́ Ẹtì la sin wọ́n. Ọmọbìnrin wọn ti lọ tọrọ àsíá lọ́wọ́ ìjọba, èyí tí a ó fi bo pósí. Wọ́n ní àsíá kì í ṣe aṣọ ìbora, ológun nìkan ló wà fún. Ó fi aṣọ funfun tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán bo bàbá rẹ̀.

A ti fẹ́ gbé pósí sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ìyàwó alásè dé. Ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fà á lọ́wọ́. Aṣọ ìdáná ọkọ rẹ̀ ló ká mọ́ àyà, èyí tó bọ́ sílé kó tó wọkọ̀ lọ.

“Ẹ bá mi fi sínú pósí,” ó ní. “Kí ọkọ mi náà lè ríbi sùn.”

Alámòójútó itẹ́ òkú ní, “Ìyá, sàréè kan, òkú kan. Òfin ni.”

“Òkú dà, ọmọ mi?” ni ìyá dáhùn. “Ṣebí aṣọ ni mo mú wá.”

Ọkùnrin náà wò ó, ó wò wá, ó sì kọjú síbòmíràn. Aránṣọ ṣí pósí, ó tẹ́ aṣọ náà sí àyà bàbá rẹ̀. Nígbà tí a bo ilẹ̀ tán, ìyá kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Obìnrin tó ti ń ṣe opó láti ìgbà èwe, sàréè ẹlòmíràn ló yá kó tó rí ọkọ rẹ̀ sin! A dúró yí i ká, àwa géńdé, a ò lè ṣe nǹkan kan. Kí la fẹ́ ṣe? Ohùn tálákà kì í ròkè.

Síbẹ̀, mo ní ìbéèrè fún ọ̀gá èbúté, ní gbangba. Ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n hú òkúta ìpìlẹ̀ náà? Níbo ni ẹ gbé e jù sí? Ọjọ́ wo ni ẹ máa kó àwọn mọ́tò yẹn kúrò? Mo mọ̀ pé ẹ lè má dáhùn. Ẹ ò dá Bàbá lóhùn. Ṣùgbọ́n ìyàwó alásè ṣì ń mí, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí ọ́fíìsì yín. Bí ẹ ò bá ní gbé òkúta náà kalẹ̀, ẹ lọ bá a, kí ẹ sọ fún un lójúkojú pé ọkọ rẹ̀ kò bá wa jagun. Kí ẹ wá dúró níbẹ̀, kí ẹ sọ ohun tó pa á.