Ọdún Tí Wọ́n Yọ Gọ́tà Ìrẹ́pọ̀dùn Kúrò Nínú Ìṣúná

Kí Hàlímátù Àyànbọ́lá tó di káńsẹ́lọ̀, aṣọ ló ń rán. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni bàbá rẹ̀. Àga ni bàbá náà ń tún ṣe ní Kétu, nígbà tí Hàlímátù sì parí ìwé mẹ́wàá, ó fà á lé ọ̀gá aránṣọ kan lọ́wọ́ ní Ìkòsì. Ibẹ̀ ló ti pàdé Nimat. Àwọn méjèèjì jọ kọ́ṣẹ́, wọ́n jọ ṣe fúrídọ́ọ̀mù, wọ́n sì jọ gba ṣọ́ọ̀bù kan títí Nimat fi lọ́kọ, tó sì kó lọ sí Ìrẹ́pọ̀dùn, àdúgbò kan lẹ́yìn Máìlì 12 níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sí ẹ̀bá odò.

Hàlímátù ní tirẹ̀ dúró sí Ìkòsì. Ó di alága ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà ní kó jáde fún ipò káńsẹ́lọ̀, eré ni ọ̀pọ̀ èèyàn pè é. Nimat ò pè é léré. Òun ló ń bá a rìn kiri láti ojúlé dé ojúlé, bẹ́ẹ̀ Nimat fúnra rẹ̀ ò lè dìbò fún un, torí wọ́ọ̀dù mìíràn ni Ìrẹ́pọ̀dùn wà.

Ohun kan ṣoṣo ni Hàlímátù ṣèlérí fún àwọn ará wọ́ọ̀dù rẹ̀. Ilé ìwòsàn káńsù tó wà lọ́dọ̀ wọn ń jò, ibi tí àwọn obìnrin ti ń bímọ gan-an ló sì ń jò jù. Bí òjò bá ti ṣú, àwọn nọ́ọ̀sì á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bẹ́ẹ̀dì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, aboyún tó ń rọbí á sì máa kígbe níwájú àwọn tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni Hàlímátù bí Abdulmujeeb, ọmọ rẹ̀, sí. Ó ní bí òun bá wọlé, òun á rí i pé wọ́n kan òrùlé tuntun síbẹ̀.

Ó sì wọlé.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, káńsù pe àwọn ará ìlú sí gbọ̀ngàn wọn kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó wà nínú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀. Aunty Adédiwúrà, ọ̀gá ẹ̀ka ìṣúná, ló di máìkì mú. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣàpọ́nlé ni.

“Ẹ béèrè ohun tó bá wù yín,” ó ní, “àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló máa wọlé o. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni lọ máa sọ lẹ́yìn pé a tan òun.”

Àwọn kan tọrọ iná òpópónà, àwọn kan tọrọ títì. Nígbà tó kan Nimat, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀.

“Gọ́tà ńlá tó ń gbé omi Ìrẹ́pọ̀dùn lọ sódò ti wó, ó sì ti dí. Bí odò bá kún, omi ò rí ọ̀nà padà mọ́, inú ilé wa ló ń sùn sí. A ò tọrọ títì. A ò tọrọ iná. Gọ́tà yẹn nìkan ni kí ẹ bá wa ṣe.”

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí wọ́n jáde síta, ó fa Hàlímátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Hàlímá, ṣé wọ́n á ṣe é lóòótọ́?”

“Ṣebí mo wà níbẹ̀? Ta ló fẹ́ yọ ọ́ níṣojú mi? Lọ máa rán aṣọ ẹ, jàre.”

Nimat rẹ́rìn-ín, ó gbá a léjìká, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nínú oṣù Kejìlá, Alága káńsù gbé àbá ìṣúná wá síwájú àwọn káńsẹ́lọ̀. Hàlímátù fi ìka tọ ojú ìwé náà títí ó fi rí òrùlé ilé ìwòsàn. Ó tún rí gọ́tà Ìrẹ́pọ̀dùn nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó rí i pẹ̀lú pé wọ́n fẹ́ ra mọ́tò fún káńsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n wá gbé e lé kọmítì ẹlẹ́ni mẹ́ta lọ́wọ́ kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Uncle Jayé, àgbà nínú wọn tó ti ṣe káńsẹ́lọ̀ rí, ni alága kọmítì. Hàlímátù ni ìkejì. Elkanah, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣojú wọ́ọ̀dù tí Ìrẹ́pọ̀dùn wà, ni ìkẹta.

Gbogbo àwọn ọ̀gá ẹ̀ka káńsù ló wá níkọ̀ọ̀kan wá ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó ṣe. Aunty Adédiwúrà ló dé kẹ́yìn, kò sì jókòó kó tó sọ ọ́.

“Owó tí à ń retí láti ọ̀dọ̀ ìjọba òkè ò ní pé. Bí ẹ ṣe kọ ọ́ yìí, kò lè ṣeé ṣe. Nǹkan ńlá kan gbọ́dọ̀ jáde.”

“Ẹ jẹ́ ká yọ mọ́tò,” Elkanah sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Uncle Jayé wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó fẹ́ fọwọ́ kan iná. “Ṣé ìwọ lo máa lọ sọ ọ́ fún àwọn tó kù? Wọ́n á da gbogbo ìwé yìí padà síwájú wa ni. Ọdún tuntun á bá wa láì ní ìṣúná. Kò sóṣìṣẹ́ tó máa gbowó oṣù. Àwọn tíṣà, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń gbálẹ̀ ọjà, gbogbo wọn á wá jókòó sí géètì wa.” Ó ṣí ojú ìwé náà. “Ilé ìwòsàn àti gọ́tà ló kù. Ọ̀kan á dúró di ìṣúná tó máa tẹ̀lé èyí. Lójú tèmi, kó jẹ́ gọ́tà. Gbogbo ayé ló máa rí òrùlé. Ta ló máa rí gọ́tà?”

Ó ní kí wọ́n lọ sinmi díẹ̀. Elkanah tẹ̀lé Hàlímátù jáde sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀, ó ń gbìyànjú kí ohùn rẹ̀ lè borí ariwo ẹ̀rọ náà.

“Aunty, ẹ dákun. Àwa méjì ju Uncle Jayé nìkan lọ. Ẹ jẹ́ ká fi òrùlé yín sílẹ̀, ká fi gọ́tà tiwa sílẹ̀, ká yọ mọ́tò. Bí àwọn tó kù bá fẹ́ dà á nù, kí wọ́n dà á nù níṣojú gbogbo ayé.”

Ohun tó ń ba Hàlímátù lẹ́rù ni pé bí wọ́n bá da ìwé náà nù, òrùlé lè bá a lọ. Àwọn obìnrin wọ́ọ̀dù rẹ̀ ti ń pè é láti máa béèrè ìgbà tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ mìíràn tún wà níbẹ̀ tí kò sọ fún Elkanah: láti ìgbà tó ti wọlé, ẹ̀yìn ọ̀kadà ló ń jókòó lọ sí ìpàdé, ó sì ti ronú sí mọ́tò yẹn ju bó ti yẹ lọ.

“Elkanah, ìṣúná tó máa tẹ̀lé èyí ò jìnnà,” ó wí níkẹyìn.

Ọmọkùnrin náà wò ó títí. Wọ́n padà wọlé. Nígbà tí Uncle Jayé ní kí ẹni tó bá gbà pé kí gọ́tà jáde nawọ́, Hàlímátù nawọ́.

Ohun tó kù yára. Wọ́n ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn tó fara mọ́ ọn pariwo “bẹ́ẹ̀ ni,” olórí ilé ìgbìmọ̀ àwọn káńsẹ́lọ̀ lu tábìlì, Alága fọwọ́ sí i, gbogbo wọn sì jọ ya fọ́tò. Nígbà tí Nimat pè é láti béèrè, Hàlímátù ní wọ́n ṣì ń wò ó. Irọ́ ni.

Kí àárín ọdún tó pé, wọ́n ti kan òrùlé náà. Àwọn ìyálọ́mọ ń fi orúkọ rẹ̀ ṣàdúrà. Mọ́tò náà dé, dúdú, tó ń dán. Díẹ̀díẹ̀ ni kò fi gbé ìpè Nimat mọ́, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé iṣẹ́ ló pọ̀.

Nínú oṣù Kẹsàn-án, òjò ò dáwọ́ dúró, odò sì kún bo etí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnìkan fi fídíò Ìrẹ́pọ̀dùn ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Ó wa mọ́tò lọ síbẹ̀, ó sì dúró níbi tí títì ti wọ inú omi. Àwọn èèyàn to ẹrù wọn sórí ibi gíga: màtíráàsì tó ti mumi yó, ìkòkò, téèpù àti àpò ìwé ọmọ iléèwé. Nimat dúró láàárín wọn, ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó sì gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mọ́ àyà. Ajarat, ọmọ rẹ̀ obìnrin, jókòó tì í.

“Nimat!”

Nimat yíjú. Ó kọ́kọ́ wo mọ́tò, kó tó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Ọnọ́rébù.”

Láti ìgbà tí wọ́n ti wà lábẹ́ ọ̀gá kan náà, kò tíì fi “ẹ” bá Hàlímátù sọ̀rọ̀ rí.

“Dádì Ajarat ńkọ́?”

“Wọ́n ti gbé e lọ sọ́sibítù. Ó gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n jáde lánàá. Omi ti bo gọ́tà tó wó yẹn, kò rí i, ẹsẹ̀ ẹ̀ wọnú ẹ̀, ó kán.” Ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni ń ròyìn ilé ẹlòmíràn. Ọkọ̀ akérò ni ọkọ rẹ̀ ń wà. “Àwọn kan ní káńsù ti sọ fún wa bó ṣe lọ. Ṣé mọ́tò yìí náà ni?”

“Nimat, o ò lè mọ bó ṣe rí nínú yàrá yẹn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mi ò lè mọ̀ ọ́n.”

Hàlímátù na ọwọ́ láti gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nimat ò jọ̀wọ́ rẹ̀.

Omi fà tán, oṣù mélòó kan kọjá, káńsù sì tún pe àwọn ará ìlú sí gbọ̀ngàn fún ìṣúná tuntun. Àwọn ará Ìrẹ́pọ̀dùn tó wá ò pọ̀, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n jókòó sí. Hàlímátù ní kí Aunty Adédiwúrà fún òun ní máìkì.

“Gọ́tà Ìrẹ́pọ̀dùn wà nínú ìṣúná tó kọjá kó tó jáde,” ó ní. “Èmi wà lára àwọn tó yọ ọ́. Elkanah bẹ̀ mí pé ká yọ mọ́tò wa dípò ẹ̀. Mi ò gbà.”

Uncle Jayé bojú. Ariwo sọ. Bàbá Fáṣínà, arúgbó kan láti Ìrẹ́pọ̀dùn, dìde.

“Kí lẹ wá fẹ́ ká ṣe báyìí? Ká dárí jì yín, àbí ká tún dìbò fún yín?”

“Ẹ wá jókòó sínú ilé ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ tí a bá ń ka ìṣúná, bàbá. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Kí ojú yín wà lára wa.”

Wọ́n wá. Gbogbo àga àlejò ló kún, àwọn kan sì dúró mọ́ ògiri. Uncle Jayé ti yọ Hàlímátù kúrò nínú kọmítì, àwọn káńsẹ́lọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ò sì kí i mọ́. Ìjòkòó tirẹ̀ ló ti dìde, tó sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yọ gọ́tà lẹ́ẹ̀kejì kó dìde kí wọ́n rí i. Kò sẹ́ni tó dìde. Ìṣúná náà wọlé pẹ̀lú gọ́tà nínú ẹ̀.

Hàlímátù jáde, ó pe Nimat lórí fóònù. Nimat ti kó lọ sí Ṣakí pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tó ń fi igi rìn.

“Wọ́n ti fọwọ́ sí i, Nimat. Wọ́n máa ṣe gọ́tà yẹn.”

Hàlímátù ń gbọ́ tí ẹ̀rọ ń ránṣọ lọ́wọ́ lẹ́yìn Nimat.

“Inú àwọn tó kù níbẹ̀ á dùn,” Nimat ní. “Ẹ bá mi kí Mujeeb.”

Ó sì pa fóònù náà.